Mẹ́rin Nínú Mẹ́wàá

Kò sí ohun tí Bàbá Onímáàkì kì í fún ní máàkì. Ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, á fún un ní márùn-ún. Òjò tó bá rọ̀ tó sì dá lásìkò, á fún un ní mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀ pàápàá, bí wọ́n ṣe ń kúrò níbi ìsìnkú, ó sọ sí ọmọbìnrin rẹ̀ létí pé àwọn tó gbẹ́ sàréè yẹn ṣe dáadáa, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gún, òun fún wọn ní méje. Ẹkún ni ọmọ náà ń sun lọ́wọ́, ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àwọn èèyàn wá ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

Méje yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó o. Kì í fún ohunkóhun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní ó ti fún ẹnì kan ní mẹ́jọ rí, àmọ́ gbogbo ẹni tí mo bi ló ní ẹlòmíràn ló sọ fún òun.

Iṣẹ́ búrẹ́dì ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko. Búrẹ́dì ló ń bọ́ ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n páì kọ́sítáàdì ló sọ ọ́ di èèyàn ńlá ládùúgbò. Páì kékeré ni, ó ṣe rìbìtì bí ẹnu ife, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, pupa ẹyin, mílíìkì àti ṣúgà ni a pò pọ̀ tí a dà sí i láàárín, ààrò á wá dá àmì dúdú díẹ̀díẹ̀ sí i lójú. Bó bá ti ń jáde láàárọ̀, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ á ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn mìíràn gbà kí ọ̀gá wọn bú wọn lójoojúmọ́ nítorí páì kan ṣoṣo.

Lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ike ńlá méjì ló wà níbẹ̀, funfun ni méjèèjì, ìdérí wọn bára mu, kò sí ohun tí a kọ sí ìkankan lára. Ọ̀kan jẹ́ ti iyọ̀, èkejì jẹ́ ti ṣúgà. Ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ títí pé kó kọ nǹkan sí wọn lára, bàbá fi àáké kọ́rí.

"Òsì iyọ̀, ọ̀tún ṣúgà," ohun tó máa ń wí nìyẹn. "Ẹni tó bá fẹ́ kàwé kó tó bu ṣúgà, kó lọ di tíṣà."

Ẹni tó bá sì bá a ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ̀nà, kò ní wolẹ̀ mọ́ kó tó bù ú.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ máàkì. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ á gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá síwájú rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà, á tọ́ ọ wò, á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tó gbà sí pátákó dúdú tó wà lẹ́yìn káńtà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àwọn tí ó ń kọ máàkì fún nìkan ni kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ọmọ méjì ló bí. Obìnrin ni àkọ́bí, òun ni bàbá ń pè ní Ọ̀gá, torí pé láti ìgbà tó ti mọ̀rọ̀ọ́ sọ ló ti ń pàṣẹ fún gbogbo ilé. Ọkùnrin ni èkejì, ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, nítorí bó ṣe máa ń di ẹyin mú. Ẹnu ààrò bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí. Nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, ó gbé páì kọ́sítáàdì kan jáde lọ́jọ́ Sátidé kan, kì í sì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rò ó, òun ló dán an wò lọ́pọ̀ ìgbà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó fi sí i. Ṣọ́ọ̀bù kún lọ́jọ́ náà. Bàbá gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí kọ́sítáàdì yẹn ṣe kan ahọ́n rẹ̀, ọkàn rẹ̀ já. Kò tíì jẹ irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó dùn ju tirẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe díẹ̀ ló fi jù ú. Gbogbo ọdún tó ti ń làágùn lẹ́nu ààrò, ọmọ yìí ti kọjá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn oníbàárà sì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ìlara mú un. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan náà lórúkọ rẹ̀: bàbá jowú ọmọ tó bí. Ó ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ mẹ́rin.

"Àṣejù wà níbẹ̀," ló wí. "Ẹ̀kọ́ ṣì kù."

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni ọmọ náà dáhùn. Ó gbé àwo náà wọlé, ó da páì tó kù sínú gárawa ìdọ̀tí, ó fọ àwo, ó nù ún gbẹ, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Kò pariwo, kò ju nǹkan kan mọ́lẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ìlú tó jìnnà tó ìrìn ọjọ́ méjì. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un, ṣùgbọ́n ó ti wo ojú ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, tó sì mọ̀ pé òun kò ní dìde mọ́, ó di ọwọ́ bàbá mú. "Bàbá Ọ̀gá," ló wí, "mẹ́rin yẹn, ẹ lọ gbà á padà lọ́wọ́ ọmọ mi." Bàbá ṣèlérí. Ọmọ náà wá síbi ìsìnkú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, bàbá àti ọmọ sọ̀rọ̀ nípa pósí àti nípa mọ́tò tí yóò gbé e, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ìlérí náà wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, bàbá ń sọ pé òun yóò lọ tí òjò bá dá, tí òjò bá sì dá, á ní oòrùn ti mú jù.

Àìsàn tirẹ̀ ló wá ta á jí. Ibà ló mú un, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì. Ara rẹ̀ yá, okun padà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ tún mọ́lẹ̀, ahọ́n nìkan ni kò padà. Ata kò ta á mọ́. Ṣúgà kò yàtọ̀ sí iyanrìn lẹ́nu rẹ̀. Bó bá mu tíì, omi gbígbóná lásán ló ń mu, imú rẹ̀ kò sì gbọ́ òórùn nǹkan kan. Dókítà ní kó ní sùúrù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, dókítà kan náà ní kó gba kámú.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ fún Ọ̀gá tí wọ́n jọ ń gbélé. Ojú tì í, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtìjú nìkan. Ó rò ó pé bí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ bá gbọ́ pé ahọ́n òun ti kú, máàkì yòówù tí òun bá fún un kò ní já mọ́ nǹkan kan. Ta ló fẹ́ gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà? Ó ní láti débẹ̀ kí àṣírí tó tú. Ó ti mọ iye tó fẹ́ fún un. Mẹ́wàá tó tọ́ sí ọmọ náà láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni. Yóò kàn jẹ páì ọmọ náà lójú rẹ̀ ni, yóò sì sọ ọ́ jáde.

"Ọ̀gá," ló wí láàárọ̀ ọjọ́ kan, "mo fẹ́ rìnrìn àjò. Mo fẹ́ tọ́ páì kọ́sítáàdì wò ní gbogbo bẹ́kìrì tó wà lójú ọ̀nà. Ìwọ á máa wa mọ́tò, wàá sì máa bá mi kọ máàkì sílẹ̀."

"Ojú ọ̀nà ibo, Bàbá?"

Bàbá gbójú sókè, ó ń wo àjà. "Ọ̀nà yòówù. Ọ̀nà ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ náà ò kúkú burú."

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Ọ̀gá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn káńtà ló máa ń wà tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Kò bèèrè ohun mìíràn. Ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, ó fọ mọ́tò rẹ̀ kékeré, ó ra ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó sunkún díẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń retí kí bàbá sọ gbólóhùn yẹn.

Bí bàbá ṣe ń ṣe é lójú ọ̀nà rèé. Bí wọ́n bá gbé páì wá, á kọ́kọ́ gbé e sókè, á wo ìdí rẹ̀ bóyá ó jóná. Á fi èékánná kan èèpo rẹ̀, á dẹtí sí i. Á mi àwo díẹ̀, á wo bí kọ́sítáàdì ṣe ń gbọ̀n láàárín. Ojú, etí àti ìka rẹ̀ ṣì mọ iṣẹ́ wọn, ẹ má tan ara yín jẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá gé e jẹ, á dijú, á máa jẹ ẹ́ lọ bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ ńlá, á wá kọjú sí ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dán an wò.

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ahọ́n tìrẹ wí?"

"Ó jọ pé fànílà rẹ̀ ti pọ̀ jù, Bàbá."

"Ẹn-ẹ́n! Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà kíyè sí i ni. Fànílà ti bo mílíìkì mọ́lẹ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀. Márùn-ún."

Báyìí ló ṣe ń jí ọ̀rọ̀ kó lẹ́nu ọmọ, tó ń wọ̀ ọ́ láṣọ ńlá, tó ń pè é ní tirẹ̀. Ní bẹ́kìrì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, ó fún wọn ní márùn-ún. Ní òmíràn, ó sọ fún obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù pé mẹ́ta ló gbà, pé èèpo rẹ̀ le bí páálí bàtà.

Obìnrin náà kó ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. "Mẹ́ta? Ẹ̀yin Bàbá, ta ló gbé yín wá síbí?"

"Ọmọ mi yìí ló wà mí wá."

"Ó dáa, ẹ ní kó wà yín lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò títí omi fi bọ́ lójú Ọ̀gá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rín dín kù, torí pé ọ̀nà ti ń tán. Bàbá fa mílíìkì onípáálí kan yọ lábẹ́ àga, èyí tó ti wà nínú ooru mọ́tò láti àná, ó mu ún kanlẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá gba páálí náà kó lè jù ú nù, òórùn rẹ̀ gbá a nímú. Ó ti kan pátápátá. Ó wo bàbá, bàbá ń wo ojú ọ̀nà jẹ́jẹ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé agídí àgbà ló ń dààmú rẹ̀, kò fẹ́ gbà pé òun mu mílíìkì tó ti kan.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?"

"Máàkì ni."

"Máàkì nìkan?"

"Máàkì ló lé e lọ," ni bàbá wí, wọ́n sì wọ ìlú.

Bẹ́kìrì Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wà ní òpópónà tóóró kan, láàárín ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe àti ti ẹni tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́. Tábìlì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, káńtà onígíláàsì kan, àti ilẹ̀kùn kékeré tó lọ sí ibi ààrò. Ohun tí bàbá kọ́kọ́ wò ni ògiri ẹ̀yìn káńtà. Kò sí pátákó níbẹ̀. Kàlẹ́ńdà nìkan ló wà níbẹ̀, àti fọ́tò ìyá rẹ̀.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ń nu káńtà lọ́wọ́. Ìyẹ̀fun wà lójú ìpéǹpéjú rẹ̀, irun iwájú orí rẹ̀ ti ń yọ́ lọ. Ó gbójú sókè, ó rí àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tó fi ń nu káńtà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá," ló wí. "Ẹ kú ìrìn."

"A ò rìn jìnnà," ni bàbá dáhùn, ìrìn ọjọ́ méjì o! Ọ̀gá ti dì mọ́ àbúrò rẹ̀, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ìyàwó ọmọ náà sáré gbé àga wá, ó gbé omi wá, ó ń kí wọn lákìítúnkí, ọ̀rọ̀ kò tán lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mu omi, ó gbé ife kalẹ̀, ó ní:

"Mo wá tọ́ páì rẹ wò ni."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Páì wà nínú gíláàsì níbẹ̀, ó tó méjìlá. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wò wọ́n, ó mirí. "Ìwọ̀nyí ti tutù. Ẹ fún mi ní àyè díẹ̀, mo fẹ́ ṣe tuntun." Ó wọlé lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Kò jẹ́ kí n wọlé," ni ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tó ṣe díẹ̀. Ó jókòó sórí etí àga. "Èmi ni mo máa ń tọ́jú gbogbo nǹkan fún un níbẹ̀, èmi ni mo mọ ibi tí ṣíbí wà pàápàá. Lónìí ó ní kí n jókòó. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí."

Bàbá ń fetí sí ohun tó ń lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ bí ẹyin ṣe ń fọ́ létí abọ́, ó kà á dé mẹ́jọ. Ó gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń yí nínú abọ́, kò yára, kò sì falẹ̀. Ó gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ààrò ṣí, tó sì padé. Inú rẹ̀ dùn, ó sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí kò sí ìró kan níbẹ̀ tó ṣì. Ó pinnu ohun kan níbi tó jókòó sí: òun kò ní bi Ọ̀gá ní nǹkan kan lónìí. Máàkì ti àwọn tó kù, ó lè yá a lẹ́nu ẹlòmíràn. Èyí, tirẹ̀ ni. Kò gbọ́dọ̀ jí i.

Páì jáde. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì dá àmì dúdú bó ṣe yẹ. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé ọ̀kan sórí àwo síwájú bàbá, ó gbé òmíràn síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ó ṣe máa ń dúró lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni o. Ọ̀gá ń dúró kí bàbá kọ́kọ́ jẹ.

Bàbá kò wo ìdí rẹ̀, kò kàn án ní èékánná. Ó gé e jẹ, ó dijú. Lẹ́nu rẹ̀, nǹkan kan gbóná, ó sì múlọ́múlọ́, kò sí ohun mìíràn. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Nígbà tó lajú, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè dáadáa.

"Mẹ́wàá," ló wí. "Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá."

Ìyàwó ọmọ náà hó yè, ó pàtẹ́wọ́. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wo fọ́tò ìyá rẹ̀ lára ògiri, ó tún wo bàbá. Ọ̀gá ti fi bírò kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Ó wá gé tirẹ̀ jẹ.

Ẹnu rẹ̀ dúró. Ó wo bàbá. Lójijì, gbogbo rẹ̀ yé e, mílíìkì tó kan, àti "kí ni ahọ́n tìrẹ wí". Ó ń gbìyànjú láti gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, omi ti lé róró lójú rẹ̀, ì bá sì jẹ gbogbo páì náà tán lọ́jọ́ yẹn kí nǹkan má bàa bàjẹ́ láàárín bàbá àti àbúrò rẹ̀. Àmọ́ ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti sáré wọlé, ó ti bu díẹ̀ jẹ nínú èyí tó kù lórí tíréè, ó fẹ́ mọ bí mẹ́wàá ṣe ń dùn.

"Iyọ̀!" ló kígbe, ó tu ú sọ́wọ́. "Iyọ̀ ni! Ẹ má jẹ ẹ́ o! Iyọ̀ ló bù sí i dípò ṣúgà!" Ó jáde, ó ń wo ọkọ rẹ̀. "Apá ọ̀tún ni mo gbé ike iyọ̀ sí. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń bù ú níbẹ̀, kò ṣì í rí!"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Òsì iyọ̀, ọ̀tún ṣúgà," ló wí jẹ́jẹ́. "Bí mo ṣe rí yín lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá, ọwọ́ mi padà sí ṣọ́ọ̀bù yín." Ó mú èyí tó kù lórí àwo bàbá, ó fi ẹnu kàn án, ó fajú ro. "Ṣé ẹ kò mọ̀ ọ́n lẹ́nu ni?"

Bàbá fẹ́ parọ́. Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó kù kó sọ ọ́. Ó wo ọmọ náà, kò lè sọ ọ́. "Kò sí ohun tí mo ń mọ̀ lẹ́nu mọ́," ló wí. "Ó ti tó ọdún kan. Ibà yẹn ló gbé e lọ."

"Ẹ mọ̀ pé ẹ kò ní mọ̀ ọ́n kí ẹ tó wá."

"Mo mọ̀."

"Ilé lẹ ti gbé mẹ́wàá yìí wá nígbà náà." Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kò bínú, ì bá tiẹ̀ dára kó bínú. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ọjọ́ tó ní ẹ ṣé, Bàbá. "Àánú mi ló ṣe yín, tàbí ẹ ń ṣe é nítorí màmá."

"Rárá o!" Bàbá dìde, àga rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn. "Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, gbọ́ mi. Èyí, mi ò mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn, ti ọjọ́ Sátidé yẹn, mo ní ahọ́n nígbà náà. Ahọ́n mi yè. Mẹ́wàá ló gbà. Ó dùn ju tèmi, ó dùn ju gbogbo ohun tí mo ti jẹ láyé, mo sì mọ̀ ọ́n bó ṣe kàn mí lẹ́nu. Ìlara ló mú mi. Ìlara ló kọ mẹ́rin yẹn, kì í ṣe èmi. Àbí kí ni mò ń sọ? Èmi náà ni. Èmi ni mo kọ ọ́."

Ó sọ ọ́ tán, Ọ̀gá sì gbé àga dìde fún un, ó jókòó.

"Mo gbà yín gbọ́ lọ́jọ́ náà," ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wí. "Èmi fúnra mi ti tọ́ ọ wò, ó sì dùn mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí ẹ kọ mẹ́rin, mo ní ahọ́n mi ló ń parọ́ fún mi. Ta ni mo jẹ́ tí màá bá yín jiyàn? Mo ya ìwé tí mo kọ ọ́ sí, mo jù ú sínú ààrò. Mi ò ṣe é mọ́. Àwọn tó wà nínú gíláàsì yẹn, tiyín ni, Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, páì yín ni mò ń ṣe."

Bàbá wo páì méjìlá tó wà nínú gíláàsì. Bí ó ṣe tò wọ́n pàápàá, bí òun ṣe máa ń tò wọ́n ni.

"Tún un ṣe," ló wí. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Ó ṣì ní láti wà lọ́wọ́ rẹ."

"Ọdún tí màmá kú, mo dán an wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti lọ." Ó fa àga, ó jókòó síwájú bàbá rẹ̀, ó wá sún mọ́ ọn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin jẹ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Kí lẹ bá nínú rẹ̀? Èèpo ọsàn wà níbẹ̀, ìyẹn dá mi lójú. Kí ni nǹkan kejì? Mílíìkì yẹn ńkọ́, ṣé mo jẹ́ kó jó díẹ̀ ni? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń mọ gbogbo rẹ̀, Bàbá, ẹ sọ fún mi."

Bàbá dijú. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó wá a kiri inú orí rẹ̀, ó rí ṣọ́ọ̀bù, ó rí àwọn oníbàárà, ó rí ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó rántí bí ọkàn òun ṣe já. Adùn náà gan-an, kò rí i.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gé e jẹ," ló wí. "Ẹ̀rù bà mí láti jẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ mirí lọ́pọ̀ ìgbà. Ó dìde, ó kó àwo méjèèjì wọlé. Àwọn tó wà níta gbọ́ bí páì ṣe ń bọ́ sínú gárawa, wọ́n gbọ́ omi, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dá àwo padà sáyè wọn. Bàbá di etí tábìlì mú, ó ń wo ilẹ̀kùn kékeré yẹn, ẹ̀rù ń bà á pé kò ní jáde mọ́. Ó jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi, ó sì tún jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ tún un sọ."

"Kí ni?"

"Iye tó gbà. Ti ọjọ́ Sátidé yẹn."

"Mẹ́wàá," ni bàbá wí, ó ń sunkún, kò sì fi í pamọ́. "Mẹ́wàá ni, ọmọ mi."

Ọ̀gá ṣí ìwé aláwọ̀ ewé náà. Ó fagi lé mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó kọ òmíràn sísàlẹ̀ rẹ̀, ó wá dá bírò dúró. Ẹ̀gbẹ́ gbogbo máàkì yòókù ló kọ orúkọ bẹ́kìrì tí wọ́n ti jẹ páì náà sí, kí ẹni tó bá ka ìwé náà lè mọ ibi tó ti lè lọ jẹ ẹ́. Èyí, kò mọ ohun tí òun yóò kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.